«Corps» nínú bíà: ṣé kí ọtí le ni, àbí kí ó ki?

Àṣìṣe tí mo ṣe nígbà tí mo ń túmọ̀ ìwé kékeré kan láti èdè Faransé ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Ìwé náà ń kọ́ni bí a ṣe ń pọn bíà nílé. Ó ní kí a fi ọkà tí Faransé ń pè ní avoine kún ọkà bálì kí bíà lè ní corps. Mo kọ ọ́ pé «kí ọtí náà lè lágbára». Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Àjàṣẹ́ ka ìtumọ̀ mi. Wọn kò rí avoine rà lọ́jọ́ náà, wọ́n sì fi ṣúgà rọ́pò rẹ̀. Ẹjọ́ wọn kọ́, ohun tí ń mú ọtí lágbára ni mo ní kí wọ́n wá. Ogún lítà bíà jáde, ó le, ó sì ṣàn bí omi. Wọ́n ní kí n wá mu ún tán fúnra mi.

Ọ̀rọ̀-orúkọ ni corps, ohun kan tí ọtí ní tàbí tí kò ní. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni Yorùbá ń lò níbẹ̀. Ẹ̀kọ mímu lè ki, ó sì lè ṣàn. Ọbẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Le yàtọ̀ sí èyí: sódábì le, kò sì ki rárá. A lè sọ pé «ọtí yìí le, ṣùgbọ́n ó ṣàn», kò sí ẹni tí yóò ta kò wá. Bí a bá ní «ó ki, ṣùgbọ́n ó ṣàn», a ti ta ko ara wa. Mo ti dán «ọtí yìí ní ara» wò pẹ̀lú. Ńṣe ni ẹni tó gbọ́ ọ ń retí kí n parí gbólóhùn náà.

Kí ló dé tí ṣúgà kò lè ṣe iṣẹ́ ọkà? Ìwúkàrà ń jẹ ṣúgà tán, ó ń sọ ọ́ di agbára ọtí àti afẹ́fẹ́, kò sì ṣẹ́ku ohun tí yóò mú ọtí ki. Ohun tí ìwúkàrà kò lè jẹ ni ó ń mú un ki. Avoine ní irú ohun tí ń yọ̀ díẹ̀, ẹni tó bá ti se é rí mọ̀ ọ́n. Ìdá 5 sí 10 nínú 100 ọkà tí a ó lò máa ń tó. Bó bá pọ̀ jù, omi ọkà kò ní í fẹ́ jò jáde nínú asẹ́. Àlìkámà ń ràn án lọ́wọ́, ó sì ń mú kí ìfóófòó dúró pẹ́.

Ṣùgbọ́n iná pàápàá tó. Bí a bá po bálì tí a ti mú hù mọ́ omi gbígbóná ní nǹkan bí ìwọ̀n 64°C, ọ̀pọ̀ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ yóò di ṣúgà tí ìwúkàrà lè jẹ. Ní 68 sí 70°C, púpọ̀ sí i nínú rẹ̀ ni ìwúkàrà kò ní í lè jẹ. Ká ní ki ni mo kọ, ẹ̀gbọ́n mi ì bá ti fi kún iná láìwá avoine kankan.

Àwọn ìyá tí ń pọn ọtí ọkà bàbà ń lo ọgbọ́n iná bákan náà. Wọ́n ń po ìyẹ̀fun ọkà tó ti hù mọ́ omi, wọ́n ń bu omi òkè sọ́tọ̀, wọ́n ń se gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi dà bí ẹ̀kọ, kí wọ́n tó dà wọ́n pọ̀. Bí wọ́n bá se omi òkè náà, ohun tí ń sọ ìyẹ̀fun di ṣúgà yóò kú. Bí wọn kò bá sì se gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ìyẹ̀fun ọkà bàbà kò ní í rọ̀ dáadáa.

Ọtí yẹn máa ń rú. Rú kì í sì í ṣe ki: omi odò ń rú lẹ́yìn òjò, kò ki. Ojú ni a fi ń mọ rú, ẹnu ni corps wà fún. Nítorí náà, mo ti pa «lágbára» rẹ́, mo kọ «kí bíà náà lè ki lẹ́nu», mo sì fi gbólóhùn kan tí kò sí nínú ìwé Faransé kún un: ẹ má fi ṣúgà rọ́pò ọkà.