"Kó o dànù" kọ́ lọ̀rọ̀ tó yẹ ká sọ



Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí: "Mo sọ bàtà náà nù" àti "Bàtà náà sọnù." Nínú ti àkọ́kọ́, èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ jù ú. Nínú ìkejì, ó ti di àwátì, ó sì ń dùn mí. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni. "Nù" yìí náà la tún bá nínú "dànù" àti "pàdánù". Lẹ́nu wa, ká ju nǹkan àti ká pàdánù rẹ̀ kò jìnnà síra.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ti Èkó dé sí Ọ̀fà Garage níbí, tó sọ fún ìyá rẹ̀ tó jẹ́ opó pé, "Màámi, ẹ jẹ́ ká kó ẹrù bàbá yìí dànù," eruku àti eku ni ọmọ ń rò. Ohun tí ìyá ń gbọ́ ni pé kí òun pàdánù ọkọ òun lẹ́ẹ̀kejì. Mo mọ ilé tí ọmọ ti kó ẹrù nígbà tí ìyá lọ sọ́jà. Oṣù mélòó kan ni ìyá ò fi bá a sọ̀rọ̀.

Ọ̀fọ̀ nìkan kọ́ ló ń mú ká tọ́jú ẹrù. Ìbẹ̀rù àìní wà níbẹ̀. Ẹni tó tò nítorí mílíìkì àti ọṣẹ nígbà ọ̀wọ́n ọjà kòṣeémàánìí ní nǹkan bí 1984, tó tún rí bí náírà ṣe já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò SAP ti 1986, agolo òfìfo kì í ṣe pàǹtí lójú rẹ̀. Iyì náà wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn, ẹ̀rí ọdún tí èèyàn ti lò láyé ni.

Ní 1990, Kahneman, Knetsch àti Thaler tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ife. Láàárín àkókò díẹ̀, iye tí àwọn tó ní ife fẹ́ gbà kí wọ́n tó tà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye tí àwọn yòókù fẹ́ fi rà á. Bí ife tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà bá rí bẹ́ẹ̀, agbádá ogójì ọdún ńkọ́?

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà. Fi tọrẹ, pín, fi ṣe sàráà: kò sí "nù" nínú ìkankan. "Sọ nù" kò béèrè ẹni tó máa gbà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé "fún" gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó fẹ́ fún. Ní Ìlọrin níbí, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ló ń fi aṣọ olóògbé ṣe sàráà, pẹ̀lú àdúrà pé kí láádá rẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí aṣọ olóògbé o. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí fáànù tó ti kú àti irin jẹnẹrétọ̀ tí àwọn oníkóńdẹ́mù máa rà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú aṣọ kan, kí ẹ bi ìyá pé, "Ìgbà wo ni bàbá wọ èyí?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Bí wọ́n bá gbà, ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Kí ẹ wá béèrè pé, "Ta ni ká fún?" Ẹnu wọn ni kó dárúkọ ẹni náà. Èyí tí wọ́n bá sì fẹ́ mú dání, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Àmọ́ bí ẹrù bá ti dínà, tí kò síbi àtisùn mọ́, ó lè jẹ́ àìsàn. Láti 2013 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ti yà á sọ́tọ̀ nínú ìwé àìsàn wọn. Dókítà ni kí ẹ wá, ẹ má bú onítọ̀hún.

Kí ẹ tó ra àpò ìkódọ̀tí, ẹ tún ọ̀rọ̀ ẹnu yín ṣe ná.