Ṣé o mọ̀? Èéfín lè di epo bàálù

Ṣé o mọ̀ pé epo bàálù àti epo òyìnbó tí à ń rọ sínú àtùpà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà? Wọ́n ti ń rí i ṣe báyìí láti inú kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń tú dànù.

Ní 2020, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Oxford fi irin, mángáníìsì àti pòtáṣíọ̀mù ṣe kátálíìsì, ìyẹn ohun tó ń mú kí nǹkan tètè yí padà, bíi kán-ún nínú ẹ̀wà. (Ẹ̀wà a máa gbé kán-ún mì ṣá, epo kì í gbé kátálíìsì lọ.) Wọ́n da afẹ́fẹ́ náà pọ̀ mọ́ háídrójìn, wọ́n fẹ́ ẹ kọjá lára kátálíìsì náà nínú ooru 300°C. Ìdá 38 nínú 100 kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì náà yí padà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun tó jáde tó bá epo bàálù mu.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, bàálù ilé-iṣẹ́ KLM kan gbé èrò láti Amsterdam lọ sí Madrid. 500 lítà irú epo àtọwọ́dá bẹ́ẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ epo Shell ṣe, wà lára èyí tó jó.

Háídrójìn gan-an ni ìṣòro. Bí kì í bá ṣe iná tí kì í tú èéfín, bíi ti oòrùn tàbí ti atẹ́gùn, ni wọ́n fi yọ ọ́ lára omi, èéfín mìíràn ni wọ́n tún ń dá sílẹ̀.