Kí ló ń mú kí egungun orí ọmọ lẹ̀ pọ̀ ṣáájú àkókò? Ẹ̀bi ìyá kọ́

Ní Ìlá Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà, bí wọ́n bá ti bímọ, ìyá àgbà ni yóò gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ kalẹ̀, tí yóò máa rọra tẹ orí ọmọ kí ó lè rí rogodo. Bí orí náà bá wá gùn ṣọnṣọ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, obìnrin ni ẹjọ́ ń bá: ìyá àgbà kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa, tàbí ìyá ọmọ jẹ èèwọ̀ nígbà tó lóyún. Ẹjọ́ yìí kò tọ́, ó sì ti ba ọ̀pọ̀ ìyá lọ́kàn jẹ́.

Agbárí ọmọ kì í ṣe egungun kan ṣoṣo. Awẹ́ awẹ́ ni, àlàfo tín-ín-rín wà láàrin wọn, àwùjẹ̀ sì ni ibi tó fẹ̀ jù. Bí télọ̀ ṣe ń ká etí aṣọ ilé-ìwé sínú kí wọ́n lè tú u bí ọmọ bá ń ga, bẹ́ẹ̀ ni àlàfo wọ̀nyí wà fún ọpọlọ, tó ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàrin ọdún àkọ́kọ́. Nínú ọmọ 2,000 sí 2,500, ọ̀kan máa ń wà tí àlàfo rẹ̀ dí ṣáájú àkókò. Ibi tó ṣì ṣí nìkan ni orí yóò máa gbà dàgbà.

Ó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì inú àlàfo náà máa di egungun díẹ̀díẹ̀. Jíìnì FGFR2 ló ń ṣe puròtéènì tó ń gba àṣẹ ìdàgbàsókè fún wọn. Bí lẹ́tà kan péré bá yí padà nínú jíìnì yìí, àṣẹ á pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì á sì sáré di egungun. Jíìnì mìíràn, TWIST1, ló ń dá wọn dúró; bí ẹ̀dà rẹ̀ kan bá bàjẹ́, kò ní lè dá wọn dúró tó mọ́.

Ní 1995, onímọ̀ jíìnì Andrew Wilkie àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford fi hàn pé FGFR2 ló wà nídìí àrùn Apert, èyí tí àlàfo orí ọmọ máa ń dí ṣáájú àkókò, tí ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ra. Ní 1996, wọ́n yẹ ìdílé 57 wò níbi tí òbí méjèèjì kò ti ní àrùn náà. Nínú gbogbo wọn, láti ara bàbá ni ìyípadà náà ti wá. Kí gbogbo ọkọ gbọ́ ọ. Bí bàbá ṣe ń dàgbà sí i ni ewu ìyípadà náà ń pọ̀ sí i, àmọ́ kò sí ohun tó ṣe tó fà á. Ibi tí ara ti ń ṣe àtọ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọmọ tí àlàfo kan ṣoṣo dí, wọn kì í tilẹ̀ rí jíìnì kankan tọ́ka sí.

Orí tí ìrọbí tẹ̀ máa ń padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀. Egungun tó ti lẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ kò lè tẹ̀ ẹ́ ṣí, àgbo kò lè tú u. Iṣẹ́ abẹ ni, ó sì dára jù kí ọmọ má tíì pé ọdún kan. Láti 1962 tí dókítà Látúndé Ọdẹ́kù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn ni iṣẹ́ náà ti wà nílẹ̀ wa.

Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fi téèpù wọn orí rẹ̀, kí ó sì fọwọ́ kan àwùjẹ̀. Bí àwùjẹ̀ bá ti dí ní oṣù díẹ̀ péré, tàbí tí egungun yọ gàǹgà níbi tí awẹ́ agbárí ti pàdé, ẹ gba lẹ́tà lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.