Ọrùn Agbè: Ọ̀rọ̀ lórí Oyún tí Kì í Dúró

Bí oyún bá wálẹ̀ lára obìnrin ní oṣù karùn-ún, ohun tí àwa ará Adó-Èkìtì fi ń tù ú nínú ni pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, n kì í ṣe oníṣègùn. Síbẹ̀ òwe yìí ń kọ mí lóminú. Agbè lè ṣàìfọ́ kí ọrùn rẹ̀ má lè gba omi dúró.

Irú ọrùn ilé-ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa ṣí ṣáájú àkókò, láìsí ìrora tó bẹ́ẹ̀. Ní 1955, Shirodkar, dókítà ará Íńdíà, kọ̀wé lórí rírán an. McDonald gbé ọ̀nà tí ó rọrùn jù jáde ní Australia ní 1957. Àwọn ìyá wa pàápàá mọ bí a ti í de oyún, wọ́n sì mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ tú u kí ọmọ tó wáyé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti dókítà: láàárín ọ̀sẹ̀ 12 sí 14 ni ó sábà ń rán an, a sì tú u ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36 sí 37. Kì í ṣe gbogbo aboyún ni ó tọ́ sí. Ti àwọn mìíràn, ẹ̀rọ ni a fi ń wọn ọrùn náà, bí kò bá tó mílímítà 25 kí ọ̀sẹ̀ 24 tó pé ni a ń ronú àtirán an.

Ṣùgbọ́n kò sí àyẹ̀wò tí ó fi àìlera yìí hàn dájúdájú kí oyún tó dé. Ìtàn obìnrin ni dókítà ń gbára lé. Ọmọ àbúrò mi kan fi oyún rẹ̀ kejì pa mọ́ títí ó fi wọ oṣù karùn-ún. Nígbà tí dókítà bi í bí èkíní ti lọ, ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó gba ọ̀rọ̀ náà sọ: "Omi ni ó dànù."