Ìwé Oníhò tí Àwọn Akọ̀wé Pátákó Ń Lò

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá rí pátákó mẹ́ta ní àdúgbò mẹ́ta, tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù kan náà wà lára wọn, tí lẹ́tà wọn kò sì fi ohunkóhun yàtọ̀ síra, ẹ má ṣe rò pé ojú lásán ni akọ̀wé fi wọ̀n ọ́n. Ìwé kan wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí ó ti fi abẹ́rẹ́ gún ní ihò wẹ́wẹ́. Ìwé náà ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí.

Akọ̀wé yóò kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù kọ àwọn lẹ́tà sórí ìwé tí ó fẹ̀ tó pátákó fúnra rẹ̀. Orí ìwé yìí ni yóò ti pa èyí tí kò dára rẹ́, nítorí pé ìwé kò wọ́n tó ọ̀dà. Nígbà tí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò tẹ́ ìwé náà sórí aṣọ tí ó nípọn, yóò sì máa gún etí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ìyá aránṣọ mọ kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín tí ẹ fi ń tẹ àmì sára aṣọ. Irú rẹ̀ ni òun náà ń yí lórí ìlà, àfi pé eyín tirẹ̀ mú jù. Níbi tí lẹ́tà bá ti ká kọ́rọ́kọ́rọ́, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni ó sàn, kí àwọn ihò sì súnmọ́ra. Lẹ́yìn èyí yóò dojú ìwé délẹ̀, yóò sì fi ìwé yanrìn tí káfíńtà fi ń ha igi ra ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ni kì í ṣe èyí, bẹ́ẹ̀ ni bí a kò bá ha á, ihò yóò dí, ìyẹ̀fun kò sì ní kọjá.

Èédú tí a lọ̀ kúnná ni ìyẹ̀fun náà bí ojú pátákó bá funfun. Bí ó bá dúdú, ẹfun ni. Inú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n ń dì í sí, wọn a sì máa fi gbá orí ìwé. Gbígbá ni o, kì í ṣe fífi pa á, nítorí bí ìwé bá yẹ̀, ìlà di méjì. Kí wọ́n tó ṣí ìwé kúrò, wọn a gbé igun kan sókè wò bóyá àmì náà ti hàn. Ohun tí ó kù ni kí búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé àwọn tóótòòtó náà.

Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti ara gíláàsì, tí akọ̀wé ń kun inú kí ará ìta lè kà á, yóò kàn yí ìwé padà ni. Bí àwòrán bá sì rí bákan náà lọ́tùn-ún lósì, yóò ṣẹ́ ìwé po sí méjì, yóò gún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti oníṣọ́ọ̀bù nìkan. Àwọn akọ̀wé Lárúbáwá ní ilẹ̀ Tọ́kì lò ó fún ìkọ̀wé ńláńlá inú mọ́sálásí. Wọn a fi tàdáwà aláwọ̀ ìyeyè kọ ọ̀rọ̀ sórí ìwé dúdú, wọn a tún etí rẹ̀ ṣe, wọn a wá fi ìwé mìíràn sí abẹ́ rẹ̀, kí abẹ́rẹ́ lè gún gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ti abẹ́ ni ó ń lọ jẹ èédú. Èyí tí ọ̀gá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ kò ní dọ̀tí. Àwọn ìkọ̀wé mìíràn tóbi ju ohun tí kálámù lè kọ lọ. Àwọn àwo rìbìtì mẹ́jọ tí Kazasker Mustafa İzzet kọ fún Ayasofya ní Istanbul, tí wọ́n gbé kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1849, tó mítà 7.5 ní fífẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ilé náà di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1934, tí wọ́n sì sọ wọ́n kalẹ̀, wọn kò gba ẹnu ọ̀nà jáde!

Ẹni tí ń gbẹ́ òkúta tàbí tí ń lẹ wúrà lè ṣàìmọ ìkọ̀wé rárá. Ọmọ ilé-kéwú mọ̀ pé bí àmì kan tí ó wà lábẹ́ bá bọ́ sókè láàárín ọ̀rọ̀, “bá” ti di “nún”. Inú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ìbá wà, lára ògiri, ní gbangba, fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìwé oníhò ni kò jẹ́ kí oníṣẹ́ ọwọ́ fi orí ara rẹ̀ kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kan èdè tiwa pẹ̀lú. Àmì ìsàlẹ̀ “ọ” àti “ẹ” máa ń sọnù láàárín tóótòòtó èédú, pátákó “Àtúnṣe Ọkọ̀” a sì di ti oko. Ó yẹ kí a gún àmì náà ní òrùka, kí ó fẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀rọ iná wà tí ń fi ìpẹ́pẹ́ iná jó ihò sára ìwé tí a tẹ́ sórí irin, ó sì yára. Lóde òní, pátákó tí ẹ̀rọ tẹ̀ ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé, ṣùgbọ́n bí òjò bá bọ́ ọ̀dà ògiri, ẹni tí ó ní ìwé oníhò ń tún un kọ bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ni kì í fi í ṣẹ́ ẹ po lẹ́yìn iṣẹ́. Yóò gbọn ìyẹ̀fun kúrò, yóò ká a, yóò sì kọ orúkọ oníbàárà sí etí rẹ̀ kí ó tó gbé e sókè àjà.