Kì í Ṣe Ejò: Alángbá Tí Ń Gbé Inú Ilẹ̀



Àwọn àgbà ní ìbẹ̀rù ejò kì í jẹ́ kí a tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kan náà a máa pa aláìṣẹ̀. Ẹ wo ìyá kan tí ń wa iṣu lóko Odò-Ọwá. Bí ó ti fi ọkọ́ ya ebè báyìí, ohun kan tí ara rẹ̀ ń dán bí ẹni fi òróró pa á yọ lójijì, ó sì tún fẹ́ wọlẹ̀ padà. Ìyá figbe ta: "Ejò o!" Àwọn ọmọ ki igi mọ́lẹ̀, wọ́n lù ú pa. Ìgbà tí wọ́n yí i padà ni wọ́n tó rí ẹsẹ̀ mẹ́rin, kéékèèké.

Alángbá ni wọ́n pa. Ìdílé alángbá ara dídán yìí tóbi púpọ̀. Irú wọn tó wà láyé lé ní 1,500. Ọ̀kan tó wà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan Nàìjíríà, ni èyí tí ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Wilhelm Peters, ṣàlàyé ní 1879. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é lónìí ni Mochlus guineensis. Láti Kamẹrúùnù dé Àńgólà, ẹ ó rí ìbátan rẹ̀, Feylinia currori, tí kò tilẹ̀ lẹ́sẹ̀ rárá.

Kí ló dé tí ẹsẹ̀ wọn fi kéré? Ẹni tí ń gba inú ilẹ̀ kọjá, ẹsẹ̀ gígùn a máa dí i lọ́wọ́. Ara ni wọ́n fi ń lọ́ bí wọ́n ti ń ti yẹ̀pẹ̀. Ìpẹ́ wọn dán, kí erùpẹ̀ má bàa lẹ̀ mọ́ wọn. Kòkòrò ni oúnjẹ wọn, ikán pẹ̀lú. Ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀tá àgbẹ̀.

Súrà Núrì, ní áàyà 45, ka ẹ̀dá tí ń fàyà fà àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin mọ́ iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá kan náà. Èyí tí a ń wí yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà láàrin méjèèjì!

Àwọn kan ní oró wà lára rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú ìdílé yìí tó ní oró. Bí ìrù rẹ̀ bá já, tó ń ta pàtìpàtì nílẹ̀, kì í ṣe oògùn: ó fi ń tan ọ̀tá jẹ ni, kí òun lè sá lọ. Ìrù mìíràn yóò hù. Ìbátan rẹ̀ kan, Mochlus fernandi, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pupa bí iná, owó ni àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fi ń rà á, tí wọ́n ń sìn ín nínú àpótí gíláàsì.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Alángbá yìí a máa ṣẹ́jú, ó sì ní ihò etí. Ejò kò ní ìpéǹpéjú, kò sì ní ihò etí. Síbẹ̀, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti wò ó. Ejò dúdú kan wà tí òun náà ń gbé inú ilẹ̀, tí ara rẹ̀ ń dán, Atractaspis ni wọ́n ń pè é. Olóró ni. Bí ènìyàn di ọrùn rẹ̀ mú pàápàá, yóò yọ eyín láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu gún un lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ohun mẹ́ta: kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n má lépa rẹ̀, kí wọ́n yà fún un. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má fi abẹ ya ojú ọgbẹ́, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má dè é pinpin. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ sì tètè gbé e dé ọsibítù.

Aláìṣẹ̀ yóò yè, ọmọ wa náà yóò sì yè.