Ọlọ́pàá tí kò dìde lórí ibùsùn

Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀ ni mo fẹ́ràn. Láti ìgbà tí mo ti ka Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969, bí n kò bá ti rí ẹni bíi Lápàdé kí ó máa lé olè kiri, oorun a máa kùn mí. Ìdí nìyí tí ó fi kù díẹ̀ kí n dá The Daughter of Time padà fún olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ó yá mi níhìn-ín ní Kétu. Mo ka ogún ojú ìwé, ọlọ́pàá inú rẹ̀ kò tíì dìde nílẹ̀!

Obìnrin ará Scotland kan, ọmọ ìlú Inverness, ni ó kọ ọ́, ó sì jáde ní 1951. Josephine Tey ni ó pe ara rẹ̀, ṣùgbọ́n Elizabeth MacKintosh ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹlẹgbẹ́ wa ni, nítorí ó ti ṣe olùkọ́ eré ìdárayá rí, kí ó tó padà sílé lọ tọ́jú baba rẹ̀.

Alan Grant, ọ̀gá ọlọ́pàá inú ìtàn náà, fi ẹsẹ̀ kán, ọsibítù ni ó sì dùbúlẹ̀ sí. Kò sí ìbọn, kò sí eré sísá. Ẹjọ́ tí ó ń wádìí ti lé ní 450 ọdún: wọ́n ní Ọba Richard Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó pa ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì, ọmọ ọdún 12 àti 9, tí wọ́n dàwátì nínú ilé olódi ní Lọ́ńdọ́nù ní 1483.

Grant wo àwòrán ọba náà, ó ní ojú yìí kò jọ ti apànìyàn. Níhìn-ín ni n kò ti bá a lọ, nítorí mo ti rí gbájú-ẹ̀ tí ojú rẹ̀ tutù bí ojú wòlíì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀. Ta ni ó kọ ọ́ sílẹ̀? Nígbà wo ni ó kọ ọ́? Ta ni yóò jèrè rẹ̀? Thomas More tí gbogbo ayé gbára lé kò ju ọmọ bí ọdún márùn-ún lọ nígbà tí àwọn ọmọ náà dàwátì, abẹ́ ìdílé tí ó gba adé lọ́wọ́ Richard ni ó sì ti kọ ìwé tirẹ̀. Àgbọ́sọ ni!

Mo ń ròyìn ìwé yìí díẹ̀díẹ̀ fún ìyá aláta kan tí mo máa ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Mile 12. Gbogbo ìgbà ni ó ń béèrè pé, "Tíṣà, wọn kò tíì mú un?" Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ More, ó gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé ojú rẹ̀ ló ṣe?"

Nígbà náà ni ó sọ ti alábàárù kan fún mi, ní ọjà kan tí òun ti tajà rí. Wọ́n ní ọmọ náà jí owó, wọ́n sì nà án títí ó fi dákú. Kò sí ẹni tí ó béèrè ẹni tí ó rí i. "Wọ́n ní" ni gbogbo ẹnu ń wí. Ìgbà tí ilẹ̀ ṣú ni wọ́n rí owó náà nínú àpò ata.

Mo sọ fún un pé ọ̀pọ̀ òpìtàn kò gba ìdájọ́ Grant. Richard ni wọ́n ṣì ń dá lẹ́bi. Mo sì sọ fún un bí wọ́n ṣe hú egungun ọba náà lábẹ́ ibùdókọ̀ kan ní ìlú Leicester ní 2012, tí wọ́n tún un sin ní 2015.

Ó ní, "Àwọn ọmọ yẹn ńkọ́?"

Mo ní kò tíì yé ẹnikẹ́ni. Ó ronú díẹ̀, ó sì ní kí n mú ìwé náà wá, pé ọmọ òun obìnrin yóò kà á fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀.